Omi èso dóńgóyárò fún ilá àti tẹ̀tẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Bí ewé ilá yín bá ń lu jára bí asẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: kòkòrò wínníwínní tó ń ta pọ́ún bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé ló sábà máa ń fa á. Ẹ má tíì sáré ra oògùn.

Ẹ ṣa èso dóńgóyárò tó ti pọ́n, ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbòji. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ gún kóró inú rẹ̀, kí ẹ rẹ gíráàmù 50 sínú omi tútù lítà 1 láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ ìfọ́nkòkòrò á dí. Ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tó fún lítà 5 kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Bó bá pọ̀ jù, á jó ewé.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, nítorí oòrùn ń pa agbára rẹ̀, kó sì dé abẹ́ ewé, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sá sí. Kòkòrò ò ní kú lójú ẹsẹ̀ o! Oúnjẹ ni kò ní lè jẹ mọ́, ọmọ rẹ̀ ò sì ní lè bọ́ awọ dàgbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ tún un fọ́n lọ́jọ́ 7-7, tàbí bí òjò bá fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ má fi ìyókù pamọ́, ẹ má sì dà á sódò ẹja.