Bí mo ṣe lé olè tó gba ẹ̀yìnkùlé wọnú láàpútọ́ọ̀pù mi

Data ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ọjọ́ Sátidé ni mo ra 10GB sórí MiFi ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó fi máa di àárọ̀ Tuesday ó ti tán, bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń tẹ project fáwọn ọmọ yunifásítì ní Agbowó níbí, Word àti príńtà lásán ni mò ń lò, mi ò wo fíìmù kankan. Mo fẹ̀sùn kan ọmọṣẹ́ mi, mo ní òun ló ń fi data mi wo TikTok, ọmọ náà búra títí omi fi lé lójú ẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ báyìí o, mo ra ẹran sí ìrẹsì fún un. Fáànù láàpútọ́ọ̀pù náà tún wá ń ké hòò bíi jẹnẹrétọ̀ nígbà tí mi ò ṣí nǹkan kan, iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tàn lẹ́ẹ̀kan, ó kú, mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe wìrì.

Wednesday, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Abẹ́òkúta.

"Ṣé ara ẹ ti yá? Àkáǹtì tó o ní kí n sanwó sí yẹn, kì í ṣe orúkọ ẹ ni mo rí níbẹ̀ o."

"Àkáǹtì wo, Àǹtí mi?"

"Èyí tó o fi ránṣẹ́ lórí Facebook lóru àná. O ní o wà ní ọsibítù."

Ara mi kàn tutù ni. Lóru àná mo ti sùn lọ fọnfọn, láàpútọ́ọ̀pù ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mi ò pa, torí mò ń duro kí Windows parí àpúdéètì.

Mo wá jókòó, mo ro ó padà sẹ́yìn, mo sì rántí. Àfọwọ́fà ni, kí n má parọ́. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà yẹn, kọ́sítómà kan ní kí n bá òun ya káàdì ìgbéyàwó, sọ́fítíwíà tí mo fẹ́ fi yà á, dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Mo wá crack ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tí wọ́n ti jí ṣí kéèyàn má bàa sanwó. Fáìlì zip ni, wọ́n fi páásíwọ́ọ̀dù 1234 tì í, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ dáàbò bò ó ni, mi ò mọ̀ pé torí kí antivirus má bàa rí inú ẹ̀ ni. Ìwé kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ní kí n pa antivirus mi, torí pé antivirus máa ń "ṣì í mú". Mo pa á. Ó ní kí n fi fóldà Downloads sínú Exclusions Defender, ìyẹn ibi tí Defender, antivirus tó bá Windows wá, kì í yẹ̀ wò, mo fi sí i. Ògiri ò tiẹ̀ lanu fúnra ẹ̀, èmi ni mo fi òòlù là á fún aláǹgbá. Mo wá tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Pẹ́ẹ̀. Mo ní crack yìí ò dáa, mo gbé káàdì náà ṣe lórí fóònù, mo gbàgbé.

Ibi tí nǹkan kan ò ti ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an lohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tí fáìlì yẹn ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n dáadáa ni. Ẹ jẹ́ ká ní ilé yín ní géètì tó dáa níwájú, ẹ sì tì í gbọ́n-ingbọ́n-in, àmọ́ ẹnì kan nínú ilé ń dìde lóru lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fólè, kí ni géètì fẹ́ ṣe? Backdoor làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é. Láyé ijọ́un, ní 1998, táwọn hacker kan tó ń jẹ́ Cult of the Dead Cow gbé backdoor kan tó ń jẹ́ Back Orifice jáde ní DEF CON, ìpàdé àwọn hacker ní Las Vegas, ńṣe ni fáìlì náà máa ṣí port kan sílẹ̀, ìyẹn ojú ọ̀nà tó ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá ìta sọ̀rọ̀, 31337 ni tiẹ̀, á wá jókòó máa retí ọ̀gá ẹ̀ kó wá kanlẹ̀kùn. Fáyawọ́ọ̀lù, tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé sí kọ̀ǹpútà, àti router wá ń dènà irú ẹni tó ń ti ìta bọ̀ bẹ́ẹ̀. Làwọn tuntun bá yíwà padà, àwọn ló ń ti inú ilé pe olè níta, fáyawọ́ọ̀lù á sì rò pé onílé ló ń jáde lọ ra nǹkan.

Mo ṣí cmd, ojú dúdú téèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, mo yan Run as administrator, mo tẹ netstat -ano, tó ń fi gbogbo ibi tí kọ̀ǹpútà so mọ́ hàn. Ìlà ló ń jáde, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ní wàhálà, àmọ́ ọ̀kan wà tó kọ ESTABLISHED, ó so mọ́ àdírẹ́sì kan tí mi ò mọ̀ rí, port 5552. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ìlà náà ni PID, nọ́ńbà tí Windows fún ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà, 4716 ni tèmi. Mo lọ sí Task Manager, lábẹ́ Details mo wá 4716, kí ni mo rí? svchost.exe. Ẹni tí ò bá mọ̀ máa kọjá lọ ni, torí svchost pọ̀ nínú Windows bí iyanrìn. Àmọ́ mo right-click, mo tẹ Open file location, ó gbé mi lọ sínú AppData\Roaming. Svchost gidi, C:\Windows\System32 nilé ẹ̀, kí ló wá ń ṣe ní Roaming? Olè tó wọ yúnífọ́ọ̀mù gèètìmáànù ni.

Mo pe ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mókọlá, Álíífà la máa ń pè é. Mo ka port yẹn fún un, ó ní "Ìwọ, MiFi yẹn ṣì wà lórí iná? Pa á kíá!" Ó ní 5552 ni njRAT, backdoor kan tó ń jẹ́ kí olè darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, máa ń lò báwọn tó fi ránṣẹ́ ò bá yí i padà, ó ti pẹ́ nígboro, láti 2013 ni wọ́n ti ń kọ̀wé nípa ẹ̀. njRAT lè ka gbogbo ohun téèyàn bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ó lè wo ojú kọ̀ǹpútà, ó lè tan kámẹ́rà, ó sì lè kó páásíwọ́ọ̀dù téèyàn fi pamọ́ sínú browser. Data mi tó tán, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà mi ni wọ́n fi ń wò bíi sinimá.

Orí fóònù mi ni mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù, pẹ̀lú data SIM mi, kì í ṣe MiFi. Gmail ni mo kọ́kọ́ ṣe torí òun ni kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ìyókù, mo lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí ẹ̀ jáde, mo tan two-step, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù. Mo pe báńkì mi kí wọ́n dá app dúró. Téèyàn bá lọ yí páásíwọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà tó níṣòro yẹn, ńṣe ló kàn ń ka tuntun sétí olè.

Mo wá padà sídìí iṣẹ́. Ìkánjú mú mi, mo tẹ End task lórí svchost èké yẹn, ojú kọ̀ǹpútà bá di búlúù, gbogbo ẹ̀ kú. Project ọmọ kan tí mi ò tíì save lọ báyẹn, ojú ewé 14. Álíífà rẹ́rìn-ín, ó ní njRAT máa ń purọ́ fún Windows pé òun wà lára ohun tí Windows ò lè ṣe láìní, téèyàn bá pa á, Windows náà á dákú.

Safe Mode ló kù, ìyẹn kéèyàn ṣí Windows pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò nìkan. Mo di Shift mú, mo tẹ Restart, lẹ́yìn náà Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, mo wá tẹ 4. Nínú Safe Mode, Windows kì í bá wọn ka àwọn ohun tó yẹ kó dìde pẹ̀lú ẹ̀, nítorí náà olè náà sùn. Mo pa fáìlì yẹn rẹ́ nínú Roaming, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo yọ̀, mo ní ó ti tán. Mo restart padà sí Windows gidi, mo wo Task Manager, ó ti padà dé! Orúkọ yẹn náà, fóldà yẹn náà.

Mo ṣe scan, Defender ní kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni inú ti wá bí mi sí ara mi, torí èmi ni mo sọ fún Defender pé kó má wo ibẹ̀. Mo ṣí Virus & threat protection, Manage settings, mo yi lọ sísàlẹ̀ sí Exclusions, kì í ṣe Downloads nìkan ló wà níbẹ̀ mọ́, AppData ti wà níbẹ̀, èmi ò fi síbẹ̀. Ọlọ́pàá tí wọ́n ti ní kó yíjú sógiri ni mò ń bi pé ṣé ó rólè. Mo yọ gbogbo Exclusions kúrò.

Álíífà fún mi ní Autoruns sórí fíláàṣì, òun ló ń fi gbogbo ohun tó ń dìde pẹ̀lú Windows hàn, tiwọn ní Microsoft ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo padà sí Safe Mode, mo ṣí i, mo tẹ Hide Microsoft Entries kí ojú mi lè balẹ̀, mo wá rí ìdí tó fi ń jí dìde. Ọ̀kan wà nínú Run ní registry, ibi tí Windows ń kọ ètò ẹ̀ sí, orúkọ ẹ̀ kàn jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà jágbajàgba. Ọ̀kan wà nínú fóldà Startup. Ọ̀kan tún wà nínú Scheduled Tasks tó ń pe fáìlì kan ní Temp ní gbogbo ìṣẹ́jú mélòó kan, ìyẹn ló ń tún èyí tí mo pa ṣe. Mo kọ ibi tí kálukú ń gbé sínú ìwé kí n tó yọ wọ́n, mo sì yọ fáìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú Allow an app through firewall, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ náà, mo fa ìyẹn náà tu.

Mo lọ sọ́dọ̀ Álíífà lọ dáńlóòdù mpam-fe.exe, tí Microsoft fi ń gbé ìròyìn àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun fún Defender láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e wálé, mo wá tẹ Microsoft Defender Offline scan. Wọ́n ní bí ìṣẹ́jú 15 ni. Ìṣẹ́jú kẹjọ, NEPA mú iná, bátìrì mi sì ti kú tipẹ́. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lójúde tó ní jẹnẹrétọ̀, àárín irun orí àwọn èèyàn ni mo ti tún un bẹ̀rẹ̀. Scan náà mú fáìlì burúkú mẹ́ta.

Mo tan MiFi, netstat mọ́. Mo sì tún format ẹ̀. Álíífà ní kò pọn dandan, èmi ò gbà, ẹni tó bá ti gbé nínú ilé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò mọ ohun tó rì mọ́lẹ̀. Mo kó Word, PDF àti fọ́tò nìkan jáde, mi ò kó .exe kankan, mo fi fíláàṣì 8GB ṣe Windows tuntun láti kọ̀ǹpútà Álíífà, mo pa gbogbo partition, ìyẹn àwọn ìpín inú dísìkì, rẹ́ kí n tó fi Windows sí i.

Àmọ́ fíláàṣì ni wàhálà tó pọ̀ jù. njRAT máa ń gun fíláàṣì, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọmọ tó bá wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi, fíláàṣì ló ń kì bọ ibẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí táwọn kan fi ń sọ pé fáìlì àwọn di shortcut. Mo bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, attrib -h -r -s /s /d E:\*.* ló ń fi fáìlì wọn tó sá pamọ́ hàn padà, lẹ́yìn tí mo bá ti fi Defender scan fíláàṣì náà. Mo wo ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, "ẹ má bínú, ẹ gbé fíláàṣì yín wá, ẹ má fi sí kọ̀ǹpútà kankan." Ẹnì kan bú mi gidi, ó tọ́ sí mi. Ó ku mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn ò lọ, mo ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún wọn.