Bí A Ṣe Ń Fi Purotéènì Tún Irun Tó Ti Bàjẹ́ Ṣe

Irun tí ó ti yọ síta lórí kò ní ẹ̀mí mọ́. Inú awọ orí, níbi tí irun ti ń hù, nìkan ni ó ti wà láàyè. Èyí tí a ń yà, tí a ń dì, kò lè wo ara rẹ̀ sàn bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń jinná, kò sì sí ìpara kankan tí ó lè sọ ọ́ di irun tuntun, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ohun tí purotéènì lè ṣe ni pé kí ó lẹ ibi tí ó ti ya, bí aránṣọ ṣe ń lẹ aṣọ tí ó ti gbó, kí irun náà lè fara da òòyà, ìdìrí àti ìfọ̀ títí irun tuntun yóò fi gùn tó láti gé èyí tí ó bàjẹ́ kúrò. Èyí wúlò púpọ̀ fún ẹni tí rílásà, dáì tàbí ooru ti ba irun rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí irun rẹ̀ kàn gbẹ, tí ó wá da purotéènì lé e lórí, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ irun tí kì bá tí ṣẹ́. Nítorí náà, àyẹ̀wò ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rírà.

Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú fọ́nrán irun ni purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní keratin. Ìpẹ́ tín-ín-rín tí ó gun ara wọn ni ó bo òde rẹ̀. Abẹ́ ìpẹ́ yìí ni okùn keratin tí ó fún irun lágbára wà, tí ìdè imí-ọjọ́ sì so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Rílásà, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ní sodium hydroxide tàbí èyí tí wọ́n ń kọ no-lye sí lára, tí calcium hydroxide wà nínú rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nípa jíjá púpọ̀ nínú àwọn ìdè wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń nà gbọọrọ tí kì í sì í ká padà mọ́. Dáì tí ó ń sọ irun dúdú di pupa tàbí aláwọ̀ wúrà ń lo hydrogen peroxide, òun náà a máa ba ìdè jẹ́, a sì máa ṣí ìpẹ́ òde sílẹ̀. Ayọ́ọ̀nù ìnarun tí ó bá gbóná kọjá nǹkan bí 200°C ń ba keratin fúnra rẹ̀ jẹ́. Irun tí ìpẹ́ rẹ̀ ti ṣí báyìí a máa mu omi kíákíá, a sì máa pàdánù rẹ̀ kíákíá, inú àwọn àlàfo tí ó wà lára rẹ̀ gan-an sì ni purotéènì inú ìgò ń bá wọlé.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ ṣa díẹ̀ nínú irun tí ó ń bọ́ sára òòyà, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti irun yín. Bí irun náà bá gùn tó èyí tí ó wà lórí, tí kókó funfun kékeré kan sì wà ní ìdí rẹ̀, láti gbòǹgbò ni ó ti ń bọ́. Irú èyí a máa ṣẹlẹ̀ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, lẹ́yìn ibà líle, tàbí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, dókítà ni kí ẹ lọ rí, nítorí purotéènì tí a fi pa irun kò lè dé ìdí ọ̀ràn náà. Bákan náà ni ti irun iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí tí ó ń sá sẹ́yìn lórí àwọn tí ó ń fi àtáṣímẹ́ǹtì dirí tí ó le kankan: ìdìrí náà ni kí wọ́n dẹ̀, kí wọ́n sì tètè dẹ̀ ẹ́, torí bí ó bá pẹ́ jù, irun ibẹ̀ lè má hù mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ègé kúkúrú-kúkúrú ni ẹ ń rí, tí gígùn wọn kò dọ́gba, tí kò sí kókó kankan ní ìdí wọn, irun náà ń ṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a sì ń sọ níhìn-ín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ṣáńpù fọ orí, tí ẹ kò sì tíì fi ohunkóhun mìíràn sí i, ẹ mú fọ́nrán irun kan láti iwájú, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ìpàkọ́. Ẹ di orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ sì rọra fà á. Irun tí ara rẹ̀ dá, nígbà tí omi bá rin ín, lè fà tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀, kí ó sì padà bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lo rílásà ní láti kọ́kọ́ na irun tirẹ̀ títí yóò fi tọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka fífà náà. Èyí tí ó bá ń fà lọ tí kò padà, tí ó rọ̀ tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ó wá já nígbẹ̀yìn, purotéènì ni ó ń wá. Èyí tí kò fà rárá, tí ó ṣẹ́ pá ní kété tí ọwọ́ kàn án, tí ó sì le gbagidi, omi àti kọndíṣọ́nà arọmirun, èyí tí ó ń dá ọ̀rinrin padà sí irun, ni ó ń wá. Bí ẹ bá fi purotéènì kún un, ẹ ó máa gbá irun nílẹ̀ ilé. Ọ̀pọ̀ yóò rí i pé ìdí irun dára, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ni kí wọ́n fi purotéènì sí.

Nígbà tí ẹ bá wá dé ọjà, ẹ̀yìn ìgò ni kí ẹ kà, ẹ má ka iwájú rẹ̀. Odidi purotéènì tóbi ju ohun tí ó lè wọ inú irun lọ, nítorí náà ni àwọn tí ó ń ṣe é fi ń lo ásíìdì tàbí ẹ́ńsáìmù láti gé e sí wẹ́wẹ́. Wọn a kọ ọ́ báyìí: hydrolyzed keratin, hydrolyzed silk, hydrolyzed wheat protein, hydrolyzed soy protein tàbí hydrolyzed collagen. Ẹ wo ipò tí ó wà pẹ̀lú, nítorí láti orí èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n ti ń to àwọn èròjà wá sísàlẹ̀. Bí purotéènì bá wà lẹ́yìn òórùn dídùn, tí wọ́n máa ń kọ ní fragrance tàbí parfum, ìwọ̀nba bíńtín ni ó wà nínú ìgò náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kàn fi ń ta ọjà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà gbọ́dọ̀ yẹra fún èyí tí ó ní wheat protein.

Agbára wọn kò dọ́gba. Èyí tí ó fúyẹ́ ni kọndíṣọ́nà tí ó ní silk tàbí amino acids, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí purotéènì pín sí. Ó dára fún irun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Èyí tí ó wà láàárín ni wọ́n sábà máa ń pè ní reconstructor. Èyí tí ó le jù ni irú èyí tí ApHogee Two-Step jẹ́, tí ó ń gan lórí bí ó bá ti gbẹ. Irun tí rílásà tàbí dáì ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ nìkan ni mo lè ní kí ẹ lò ó fún. Ẹni tí kò dá a lójú èwo ni kí òun mú, èyí tí ó fúyẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ mú, nítorí a lè fi kún un lọ́sẹ̀ tí ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè yọ ọ́ kúrò kíákíá.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni yóò béèrè nípa ẹyin. Purotéènì wà nínú ẹyin lóòótọ́, ṣùgbọ́n odidi ni, kò sì lè gba abẹ́ ìpẹ́ irun kọjá. Òde irun ni yóò jókòó sí títí omi yóò fi gbé e lọ. Ọ̀rá inú pupa ẹyin ni ó ń mú kí irun rọ̀ díẹ̀ tí a fi ń rò pé iṣẹ́ ti parí. Bí omi tí a fi ṣàn án bá sì gbóná, ẹyin náà a jiná sínú irun, ṣíṣà rẹ̀ kúrò a sì wá di iṣẹ́ mìíràn. Jíjẹ ni kí ẹ jẹ ẹyin yín. Purotéènì inú oúnjẹ ni ara fi ń hu irun tuntun, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin sì wúlò nínú ikùn ju orí lọ.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, irun gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, nítorí òróró, jẹ́lì àti ìpara tí ó ti dì sára irun kì í jẹ́ kí purotéènì rí ọ̀nà wọlé. Ṣáńpù tí ó ń fọ nǹkan kúrò dáadáa ni kí ẹ lò, ẹ má sì fi kọndíṣọ́nà tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ń lo rílásà no-lye, tàbí tí omi kànga tàbí ti bọọ̀hóòlù rẹ̀ kì í tètè hó bí a bá fi ọṣẹ sí i, ní èròjà calcium lára irun. Ṣáńpù tí ó ní disodium EDTA tàbí tetrasodium EDTA ni ó ń gbé e kúrò. Ọṣẹ dúdú dára fún ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yìí, nítorí ó máa ń ṣí ìpẹ́ irun sílẹ̀, irun yín sì ti ní èyí tí ó tó tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi kúrò lára irun láìfi ra á, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ sì fi purotéènì pa á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ má fi kan irun tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tí ara rẹ̀ dá. Èyí tí ó fúyẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú 5 sí 10 lọ. Fún èyí tí ó wà láàárín, ẹ dé fìlà náílọ́ọ̀nù, kí ẹ sì jókòó sábẹ́ ooru wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, bí ẹ̀yìn ìgò bá gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ń gan yàtọ̀ pátápátá: ẹ kì í dé fìlà sí i, abẹ́ dúráyà ni ẹ ó jókòó sí títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ gan-an. Láti ìgbà tí ó bá ti ń le títí tí ẹ ó fi ṣàn án, ẹ kò gbọ́dọ̀ yà á, ẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí irun gígan tí a bá ṣẹ́ po yóò já níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ṣàn lórí rẹ̀ pẹ́ títí yóò fi rọ̀ fúnra rẹ̀, láìfọwọ́ ra á.

Ìgbésẹ̀ tí ó kàn ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù lọ. Purotéènì a máa mú irun le. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá ọ̀rinrin padà sí i, irun líle náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Kọndíṣọ́nà arọmirun tí kò ní purotéènì kankan ni kí ẹ fi tẹ̀lé e, kí ẹ dé fìlà náílọ́ọ̀nù lé e, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí ilé ìdìrí yín bá ní ẹ̀rọ sítíìmù, ibi tí ó ti wúlò rèé. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi òòyà eléyín gbàgàdà yà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ fi òrí díẹ̀ ra ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irun rẹ̀ nà lè fi òwú kó o; irun kíkó ń na irun láìlo ooru rárá.

Èyí tí ó le jù kò yẹ kí ó kan orí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Èyí tí ó wà láàárín lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, èyí tí ó fúyẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún un ṣe nígbàkígbà, ẹ tún fa fọ́nrán irun wò, kí ẹ sì ka gbogbo ohun tí ẹ ń fi sórí. Mo ti rí i tí ṣáńpù, kọndíṣọ́nà àti ìpara ẹnì kan ṣoṣo ní keratin, tí ó sì ń yà á lẹ́nu pé irun òun ń gan. Bí irun bá ti le, tí kò dán, tí ó ń ṣẹ́ láìfà, purotéènì ti pọ̀ jù: ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró, kí ẹ máa fi kọndíṣọ́nà arọmirun nìkan sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò tún fi ń fà tí yóò sì ń padà.

Láàárín àkókò, ẹ lè fi òróró àgbọn tàbí àdín pa irun kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe ti purotéènì. Ìwádìí kan láti Íńdíà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé òróró àgbọn ń dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù, nígbà tí òróró sunflower àti mineral oil kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lauric acid, irú ọ̀rá kan tí ó wà nínú rẹ̀, ni ó ń jẹ́ kí ó lè wọ inú irun, àdín sì ní lauric acid yìí púpọ̀ pẹ̀lú.

Ní ti rílásà, irun tí ó ń fà láìpadà kò gbọ́dọ̀ rí i rárá títí yóò fi yege àyẹ̀wò. Ẹni tí irun rẹ̀ bá yege lè lo purotéènì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí onídìrí sì fi rílásà sí irun tuntun nìkan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán, kí ó fi ìpara bo èyí tí ó ti nà tẹ́lẹ̀ kí ó má bàa ṣàn kàn án. Irun ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà gígé ìsàlẹ̀ tí ó ti là díẹ̀díẹ̀ kò ní sọ yín di apárí. Ìsàlẹ̀ tí ó ti là sí méjì, purotéènì kankan kò lè lẹ̀ ẹ́ pa dà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní Brazilian keratin dípò gbogbo èyí. Láti Bìràsílì ni ó ti tàn kálẹ̀, ìnarun sì ni, bí keratin tilẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní formaldehyde, tàbí methylene glycol tí ó ń di formaldehyde bí ayọ́ọ̀nù bá kàn án, àjọ IARC, tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún àjọ ìlera àgbáyé, sì ti ka formaldehyde mọ́ ohun tí ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ béèrè ìgò náà lọ́wọ́ onídìrí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú àti ọ̀nà ọ̀fun bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín lábẹ́ ayọ́ọ̀nù, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kúrò lórí yín.