Ẹ Yé Fọ Ìfun Tí Kò Dọ̀tí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Tí Inú Ń Dà Láàmú

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fọ inú. Ní àràárọ̀ Sátidé, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, màá yà lọ́dọ̀ ìyá alágbo tó ń to ìgò sórí tábìlì lẹ́bàá títì. Á mi ìgò jìgìjìgì, á da ife ike kan kún, á ní, “Gbé e mu tán, ọmọ mi. Gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ ló máa ṣàn jáde.” Ó sì ń ṣàn jáde lóòótọ́. Títí ìrọ̀lẹ́ ni màá máa sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ ọjà, lẹ́yìn náà inú á dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ti dé: ikùn á le koko bí ìlù, á máa lọ́ mi nísàlẹ̀ ìdodo títí màá fi yàgbẹ́, ara á wá fúyẹ́ díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan ìgbẹ́ á máa ṣomi. Lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ mẹ́rin lè kọjá kó má wá, tó bá sì wá, á dà bíi ti ewúrẹ́.

Irritable bowel syndrome ni dókítà pè é nígbà tó yá, IBS ni ìkékúrú rẹ̀. Ó ní ìfun mi kò dọ̀tí, kò sí egbò nínú rẹ̀. Ọpọlọ àti ìfun máa ń ránṣẹ́ síra wọn ni; nínú àìsàn yìí, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra kì í dọ́gba. Ìfun á máa yára jù tàbí kó lọ́ra jù, gáàsì díẹ̀ tí ẹlòmíì kò ní mọ̀ lára á sì máa gún wa bí ọ̀bẹ. Irú ìfun yìí la tún ń rọ àgbo sí, àgbo tí àsùnwọ̀n wà nínú rẹ̀! Ewé yẹn máa ń ta ìfun jí ni, kó lè ti ìgbẹ́ jáde. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ méjì yẹn ló ń tàn wá jẹ. Ìfun kò sàn, ó kàn ṣófo ni. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe, èyí ló burú jù lójú mi.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí èèyàn fúnra rẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n fi ohun dídùn sílẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní mo jẹun lójú àlá ni. Ní kẹ́míìsì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni mo gba oògùn rẹ̀ láàárín ọdún kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, tí wọ́n máa ń ṣe yẹn, nìkan kò tó: ó lè sọ pé táífọ́ọ̀dù wà lára ẹni tí kò ní in. Oògùn apakòkòrò tí a ń gbé mì léraléra, Flagyl náà wà níbẹ̀, máa ń pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe ìfun láǹfààní. Ohun tí dókítà ń wò fún IBS ni inú rírun tó ní ó kéré tán méjì nínú mẹ́ta yìí: kó so mọ́ ìgbẹ́ yíyà, kí bí ìgbẹ́ ṣe ń wá yí padà, kí bó ṣe rí yí padà; kí inú rírun náà máa wáyé, ó kéré tán, ọjọ́ 1 lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù 6 sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún tìtorí ohun tí mo kọ yìí jókòó sílé pé IBS ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí ìgbẹ́ bá ń jí yín lójú oorun, bí ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá wà ńbẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 50 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí tí jẹjẹrẹ ìfun wà nínú ẹbí, ẹ lọ sí Adéọ̀yọ́ tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH bó bá yẹ. Ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá ńkọ́? Nígbà tí inú le, mo fi ata sílẹ̀, mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo fi wàrà, àlùbọ́sà, búrẹ́dì àti àmàlà sílẹ̀. Mo rù débi pé bùbá ń tóbi lára mi. Ètò oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní low FODMAP, Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ló gbé e jáde. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 péré la fi ń yẹra fún àwọn oúnjẹ tó ń tètè di gáàsì nínú ìfun. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń dààmú wa gan-an. Ibi yíyẹra ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí. Nígbà tí mo dá tèmi padà, àmàlà kò ṣe mí ní nǹkan kan, ewédú náà kò ṣe mí. Gbẹ̀gìrì ló ń dààmú mi, nítorí ẹ̀wà ni, àti àlùbọ́sà tutù. Ní báyìí, mo máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú, màá sì da omi rẹ̀ nù. Ní ti àlùbọ́sà, màá là á sí mẹ́rin, màá dín in nínú òróró títí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé, màá wá fi ṣíbí yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tó da ata sí i. Ohun tó ń dààmú ìfun nínú àlùbọ́sà kì í yọ́ sínú òróró, inú omi ló ń yọ́ sí. Adùn ọbẹ̀ mi wà síbẹ̀.

Òkèlè wheat tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ aláìsàn, ẹ ṣọ́ra fún un. Inú mi kò gbà á rárá. Ọ́ọ̀tì rọ ìfun lọ́rùn jù ú lọ.

Àṣìṣe kan ṣì ń dùn mí. Dókítà kọ amitriptyline díẹ̀ fún mi lálaalẹ́. Mo bi wọ́n ní kẹ́míìsì, wọ́n ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Mo sunkún délé, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀, mo rò pé dókítà fẹ́ sọ pé orí mi ti dàrú. Oṣù márùn-ún ló fi wà níbẹ̀. Ìwọ̀n kékeré yẹn, ìrora tí ìfun ń rán sí ọpọlọ ló ń dín kù. Bí gósúlóò bá mú wa ní Ìwó Road tí inú mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, òótọ́ ni pé àìbalẹ̀ ọkàn wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora náà kì í ṣe àròsọ. Ẹ má sọ fún ẹni tó ní in pé ìrònú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ohun tí ẹ jẹ, aago tí inú bẹ̀rẹ̀, bí ìgbẹ́ ṣe rí, bí oorun ṣe rí, àti, fún àwa obìnrin, ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé. Ẹ kọ àgbo àti oògùn tí ẹ ti lò síbẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́.