Àwọn Àṣìṣe Tí Ẹ Ń Fi Owó Yín Ṣe Nídìí Ìjàkadì Obìnrin

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ dá ìjàkadì obìnrin sílẹ̀ níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Òun ti rí gbọ̀ngán, òun ti tẹ pósítà, òun sì ti ra bẹ́líìtì tí wọ́n máa fi dá olúborí lọ́lá. Mo bi í pé àwọn wo gan-an ló máa jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn nìkan ló kù." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ mu omi.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń bá àwọn olùṣètò kéékèèké to ríìngì káàkiri gbọ̀ngán àdúgbò. Èmi fúnra mi kì í jà o. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò ilé wa, àmọ́ orò náà kò dé orúnkún mi. Iṣẹ́ tèmi ni pákó títò, tíkẹ́ẹ̀tì títà, aago lílù. Tí mo bá délé, màá tún jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, màá máa wo ìjàkadì àwọn obìnrin títí ìyàwó mi á fi pa iná. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé "wọ́n ti jọ ṣàdéhùn ẹni tó máa borí", kó fara balẹ̀. A mọ̀. Kí àwọn àgbà má gbọ́, a mọ ohun tó wà nínú ẹ̀kú eégún aláré náà, a sì ń tẹ̀ lé e káàkiri ìlú.

Àṣìṣe kìíní: kí ẹ ra bẹ́líìtì kí ẹ tó ní ìjà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi èyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2016, ní Texas, ní WrestleMania 32, ètò ọdọọdún tó tóbi jù lọ tí WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì ńlá Amẹ́ríkà, ń ṣe, wọ́n kó bẹ́líìtì Divas (orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin wọn nígbà náà) tó rí bíi labalábá yẹn dànù, wọ́n gbé tuntun jáde, Charlotte, Sasha Banks àti Becky Lynch sì jà á. Òru ti jìn níbí nígbà tí mo ń wò ó. Mo sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo san £450 fún bẹ́líìtì tèmi, awọ dúdú, irin tí wọ́n fi wúrà kùn. Ohun tí mi ò rò ni pé kì í ṣe irin yẹn ló pa mí lẹ́kún. Àwọn mẹ́ta tó jà á ni. Ó ti pẹ́ tí àwa olólùfẹ́ ti ń bá wọn bọ̀ láti NXT, ètò WWE tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ti ń jà, a mọ ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì, a mọ ìdí rẹ̀. Bẹ́líìtì tèmi, àwọn ọmọbìnrin méjì tó jà á, inú yàrá ìmúra ni wọ́n ti pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó borí gbé e sókè, ènìyàn bíi mẹ́tàlá pàtẹ́wọ́. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. Ìyàwó mi ń gbé àpótí gèlè lé e.

Àṣìṣe kejì: kí ẹ gba gbọ̀ngán láì wọn gíga òrùlé rẹ̀. Ẹni tó bá gun orí okùn tí orí rẹ̀ lọ kan gílóòbù, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

Àṣìṣe kẹta: kí ẹ kó gbogbo owó lé ojú kan tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Olùṣètò kan tí mo bá ṣiṣẹ́ mú obìnrin kan wá láti Amẹ́ríkà. Owó bàálù, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó fọ́tò, owó ìjà. Ó lé ní ìdajì gbogbo owó tó ní lọ́wọ́. Obìnrin náà mọṣẹ́ o, kò sì gbéra ga, òun gan-an bá wa ká àga nílẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Àmọ́ ó padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí a tún ṣe òmíràn lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ọmọ tiwa tó bá a jà, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ní Japan, All Japan Women, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, kò gbára lé ojú tí wọ́n yá. Àwọn ọmọdébìnrin ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n ń kọ́ ní bí a ti ń ṣubú kí wọ́n tó kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn. Níbẹ̀ ni Chigusa Nagayo àti Lioness Asuka ti jáde, àwọn tí wọ́n ń pè ní Crush Gals. Wọ́n ń jà, wọ́n ń kọrin, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń kún gbọ̀ngán nítorí wọn.

Àṣìṣe kẹrin. Ẹ dákun, ẹ fún mi láyè lórí èyí, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń gbé mi nínú. Ẹ yé jí ìṣẹ́jú àwọn obìnrin.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2015, lórí Raw, ètò tẹlifíṣọ̀n WWE tọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ìbejì Bella jà pẹ̀lú Paige àti Emma. Láti ìgbà tí aago dún títí ó fi tún dún, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni. Orin tí wọ́n fi wọlé gùn jù ú lọ. Inú bí àwọn olólùfẹ́ káàkiri ayé, wọ́n figbe ta lórí Twitter pé kí wọ́n fún àwọn obìnrin láyè. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, NXT fún Sasha Banks àti Bayley ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, ẹni tó bá na ẹnì kejì lẹ́ẹ̀pọ̀ jù láàárín rẹ̀ ló borí. Òun ni ìjà tó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà, ipò tó lọ́lá jù. Láàárín ìjà, Sasha jáde kúrò nínú ríìngì, ó já ohun ìwérí ọmọdébìnrin kan tó wá wo Bayley, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún níbẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ilé kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kí Bayley gbẹ̀san lọ, Bayley sì borí ní 3 sí 2. Ẹ bá mi wá ibi tí ẹ máa ki ẹkún ọmọ yẹn bọ̀ nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Ṣé wọ́n kọ́gbọ́n? Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Bianca Belair àti Sasha Banks ló jà kẹ́yìn ní alẹ́ àkọ́kọ́ WrestleMania, Bianca sì gba bẹ́líìtì. Nígbà tó di SummerSlam, ètò ńlá WWE mìíràn, ní oṣù kẹjọ, Becky Lynch dé, ó sì na Bianca yìí kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 26. Ọmọ mi obìnrin ti di irun rẹ̀ ní ẹyọ kan gbọọrọ bíi ti Bianca. Ó sáré lọ mú ohun mímu ní ilé ìdáná. Kó tó dé, ó ti tán. Ó rò pé mo fọwọ́ tẹ nǹkan lára tẹlifíṣọ̀n ni.

Ó yẹ kí n bú WWE títí ilẹ̀ á fi mọ́, àmọ́ ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ní 2018, nínú gbọ̀ngán kan ní Peckham, èmi ni mo di aago mú. Ìjà karùn-ún jẹ́ ti àwọn obìnrin, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la kọ síwèé. Àwọn ọkùnrin tó jà ìjà kẹta gbàgbé ara wọn. Wọ́n jáde kúrò nínú ríìngì, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, wọ́n ń fi abọ́ pẹrẹsẹ gbá ara wọn lórí, inú àwọn ènìyàn ń dùn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n fi jù. Ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngán ti ń mi kọ́kọ́rọ́ pé aago mẹ́wàá kò ní bá wa níbẹ̀. Ni olùṣètò bá sọ fún mi létí pé, "Gé ti àwọn obìnrin sí mẹ́ta."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, rẹfirí ní nǹkan létí tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Tiwa, èmi ni nǹkan náà. Mo rìn yí ríìngì ká bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ aṣọ rẹ̀, mo sọ ọ́ fún rẹfirí, òun náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wo èjìká ọmọ tó wà nílẹ̀, ó sọ ọ́ fún un. Mo rí ojú ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti fi ń gbáradì. Ìyá rẹ̀ ti Luton wá, òun àti ará ìjọ wọn mẹ́sàn-án, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Àwọn méjèèjì fò gbogbo àárín ìjà, wọ́n bọ́ sí ìparí rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ní kí èèyàn kó iyán kúrò nínú odó nígbà tí kókó ṣì kún inú rẹ̀. Mo lu aago ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìyá náà wá bá mi, ó ní, "Ṣé ó ti tán ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó bu ìrẹsì fún mi síbẹ̀. Mo sì jẹ ẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le. Mo ń fi ìjà àwọn obìnrin síwájú ìsinmi, kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, níbi tí gbogbo gbèsè ìṣẹ́jú máa ń já sí. Mo ń dúró ní igun ríìngì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, màá tàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó bá kọjá àkókò rẹ̀, nínú owó rẹ̀ ni mo ti ń yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó tún dé ibi ọtí.

Nọ́ńbà mélòó la dé? Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ tún ń ṣe ètò tí kò ní bọ́ọ̀sì, ọ̀dájú tí áktọ̀ máa bá jà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, fíìmù tó jẹ́ áktọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ta ló ń wò ó? Ẹ̀yin ń kó ọmọbìnrin mẹ́jọ jọ, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn rẹwà, gbogbo wọn fẹ́ jẹ́ àwòkọ́ṣe. Ta ni ká wá kórìíra? Ẹ lọ wo Dump Matsumoto. Ó sanra, ó kun ojú, ó ń gbé ṣéènì kiri, kò sì wù ú kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn òun. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1985, ní Osaka, òun àti Chigusa Nagayo jà pé ẹni tó bá pàdánù, wọ́n á fá orí rẹ̀. Chigusa ló pàdánù. Wọ́n gbé e sórí àga nínú ríìngì, wọ́n fá a kodoro, àwọn ọmọ ilé ìwé tó kún ibẹ̀ sì ń sunkún bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Láìsí Dump, Chigusa á kàn jẹ́ ọmọ kan tó mọ ìjà. Ẹ wá ọmọbìnrin tí inú rẹ̀ máa ń dùn tí wọ́n bá ń bú u, kí ẹ sanwó rẹ̀ dáadáa.

Pósítà tí ẹ kọ "àkọ́kọ́ nínú ìtàn" sí náà, ẹ ya á. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2018, WWE ṣe Evolution, ètò ńlá wọn àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ó dùn gan-an. Oṣù keje ọdún 2025 ni ìkejì tó dé. Àkọ́kọ́ dùn ún polówó, ìkejì ló ń sọ bóyá ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ẹ tún wo Becky Lynch: kí ló gbé e dé ìjà tó kẹ́yìn WrestleMania 35, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2019? Ẹ̀ṣẹ́ tó ṣèèṣì ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Nia Jax gbá a ní imú, imú fọ́, ẹ̀jẹ̀ bo ojú, ó sì dúró láàárín èrò, ó na apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ìtàn.

Ẹ má fi ìjà obìnrin ẹyọ kan ṣoṣo sínú ètò, kí ẹ wá máa sọ pé kò tà.

Yàrá ìmúra tó ní kọ́kọ́rọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe yàrá ìmúra.

Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti dàgbà jù. All Japan Women ti fìgbà kan ní òfin pé ẹni tó bá pé ọdún 26 kó máa lọ sílé. Wọ́n sọ ilé wọn di òfìfo fúnra wọn. Meiko Satomura tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 ní ilé ìjà tí Chigusa dá sílẹ̀, láti 1995 títí di oṣù kẹrin ọdún 2025 ló fi jà.

Owó wọn ńkọ́? Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1985, ní Madison Square Garden, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn ṣì wà nílẹ̀, WWE (tí wọ́n ń pè ní WWF nígbà náà) fi ẹni tó wọ ìbòjú síwájú Wendi Richter, ẹni tó ni bẹ́líìtì obìnrin wọn. Richter gbé èjìká sókè kúrò nílẹ̀, èyí tó yẹ kó dá kíkà dúró, rẹfirí ka mẹ́ta síbẹ̀, bẹ́líìtì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fabulous Moolah, ògbólógbòó oníjàkadì obìnrin, ló wà lábẹ́ ìbòjú. Richter bínú jáde, aṣọ ìjà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó di 2010 kí a tó tún rí i lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fi owó sínú àpòòwé, ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ fún wọn kí wọ́n tó wọ ríìngì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi búrẹ́dì àti sọ́séèjì san ọmọ tó wakọ̀ wákàtí mẹ́ta wá.

Ọmọkùnrin yẹn tún pè mí lánàá. Ó ti rí ọmọbìnrin mẹ́rin, méjì nínú wọn ò sì fẹ́ràn ara wọn rárá. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá ẹni tó ta bẹ́líìtì fún òun á gbà á padà. Mo ní kò ní gbà á. Mo ní kó máa gbé e bọ̀, àyè ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.