Ẹ Má Fọwọ́ Irin Mú Alumíníọ̀mù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Àtúnṣe Ògbólógbòó Ọkọ̀ Ìpẹja

Odidi ọdún kan ni ọkọ̀ ìpẹja tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rà fi wà lẹ́yìn ilé ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, kí ó tó fojú kan omi. Ọkọ̀ alumíníọ̀mù ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14. Wọ́n ti lò ó gbó lókè òkun kí ó tó bá kọ̀ǹténà wọ Èkó, àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù ṣe ìkòkò sì ti fẹ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí a tó débẹ̀. Oṣù méjì ló yẹ kí iṣẹ́ ara rẹ̀ gbà. Oṣù mẹ́wàá tó kù, àṣìṣe ọwọ́ ara wa la fi ń tún ṣe, owó tí a ná lé àṣìṣe náà sì ju iye tí a ra ọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ onígi ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja wa, ìbáà ṣe lórí odò Asà, odò Ọ̀yun lápá Ọ̀fà, tàbí lókè lọ́hùn-ún ní Jẹ́bà. Mọ́tò onírin ló kún títì. Nítorí náà, gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó yí wa ká, irin tàbí igi ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí ẹ bá pè sídìí ọkọ̀ alumíníọ̀mù, ọgbọ́n tó fi ń tún mọ́tò ṣe ló máa gbé wá. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Iṣẹ́ tó mọ̀ kọ́ ló wà níwájú rẹ̀ ni.

Gbígbé e lọ bá ajórin ẹ̀bá títì

Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ wa tí kò ju ẹnu bírò lọ. A gbé e lọ bá ajórin kan tí gbogbo àdúgbò ń yìn, ó sì gbà pé òun á jó o láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún náà kò tíì pé tí ihò yẹn fi tó èyí tí ọmọdé lè ki ìkúùkù bọ̀.

Irin máa ń pọ́n kí ó tó yọ́, ajórin a sì fojú mọ ìgbà tó yẹ kí òun dáwọ́ dúró. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Nígbà tí ooru bá ti tó nǹkan bí 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti ń yọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ irin ń fẹ́ ooru tó súnmọ́ 1,500. Èyí tó tún mú un le ni pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára alumíníọ̀mù, tí atẹ́gùn ń dá sí i lára fúnra rẹ̀, awọ yẹn kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2,000. Ẹ ó máa wo òkè rẹ̀ tó wà digbí, abẹ́ rẹ̀ á ti di omi, lójijì gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀. Ọ̀pá irin tí ajórin fi ń jó géètì kò lè lẹ̀ mọ́ ọn rárá.

Ẹ̀rọ tó ń jó alumíníọ̀mù wà, èyí tó ń lo gáàsì argon, TIG àti MIG ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní i, ẹ ní kó fi iṣẹ́ alumíníọ̀mù tó ti ṣe rí hàn yín kí ẹ tó gbé ọkọ̀ yín fún un. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má jó o. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ báyìí, rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó kúkúrú tí wọ́n ń mú kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ kí ó lè di nǹkan méjì pọ̀) ni wọ́n fi kàn án láti ilé iṣẹ́, rífẹ́ẹ̀tì náà ló sì yẹ ká fi tún un ṣe. Bí ibì kan bá là, ẹ lu ihò mìlímítà mẹ́ta sí ibi tí lílà náà parí sí, kí ó má baà máa sáré lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gé alumíníọ̀mù tó nípọn bíi ti ara ọkọ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án yípo. Báyìí la ṣe dí ihò ńlá tí ajórin bá wa dá sílẹ̀, kò sì tíì jò di òní.

Wíwá ibi tó ń jò pẹ̀lú ojú lásán

A ti fi ọ̀sẹ̀ méjì dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí à ń tan tọ́ọ̀ṣì, kí n tó lọ sí Jẹ́bà lọ bá bàbá apẹja kan. Mo ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń jò?” Bàbá wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, omi ni kó o fi wá a. Bu omi sínú ẹ̀, kó o lọ sábẹ́ ẹ̀ lọ wo ibi tó ń kán sí.”

Ó tán. Ẹ bu omi sínú ọkọ̀, ẹ wo ìta. Àmọ́ ẹ má gbé ọkọ̀ lé bẹ́ǹṣì méjì kí ẹ tó bu omi sí i o. Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 péré nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 lè wúwo tó kìlógíráàmù 500, ìdí ọkọ̀ á sì tẹ̀. Ẹ to ògbólógbòó táyà sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Máákà ni kí ẹ fi sàmì síbi tó bá ń kán, kì í ṣe pẹ́ńsùlù, nítorí ohun dúdú tó ń kọ̀wé nínú pẹ́ńsùlù máa ń mú kí alumíníọ̀mù jẹ níbi tó bá wà.

Lílo rífẹ́ẹ̀tì àti sílíkọ́ọ̀nù àwọn oníwíńdò

Ẹni tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, torí òun ló súnmọ́ wa tó ń fọwọ́ kan alumíníọ̀mù lójoojúmọ́. Ó mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n rífẹ́ẹ̀tì tó ń yìn bí ìbọn, ihò ló wà láàárín rẹ̀, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Ìṣó inú rẹ̀, tó máa ń kán, ọ̀pọ̀ ìgbà irin ni. Ó máa ń kù síbẹ̀, á dípẹtà, á sì máa jẹ alumíníọ̀mù tó yí i ká. Rífẹ́ẹ̀tì méjìdínlógún la fi sí ọkọ̀ wa báyìí. Gbogbo rẹ̀ la tún yọ.

Rífẹ́ẹ̀tì tó ṣù, tó jẹ́ alumíníọ̀mù látòkè délẹ̀, ni kí ẹ wá. Èèyàn méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan á gbé irin tó wúwo ti orí rẹ̀ níta, èkejì á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ nínú títí á fi fẹ̀. Gígùn ìdí tó máa yọ síta gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìbú rífẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹ kò bá lè dé ẹ̀yìn ibì kan, irú èyí tí ń yìn tí ẹnu rẹ̀ dí pa, tí ìṣó rẹ̀ náà sì jẹ́ alumíníọ̀mù, lè ràn yín lọ́wọ́.

Níbí gan-an ni owó ti ń ṣẹ́ kù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: kì í ṣe gbogbo rífẹ́ẹ̀tì tó ń jò ló yẹ ká yọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn dẹ̀ ni. Ẹ gbé irin ti orí rẹ̀, ẹ lù ú padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á tún di mú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ọkọ̀, èmi wà lábẹ́, láàárọ̀ Sátidé kan a ti lu ogójì padà láì ná kọ́bọ̀.

Ní ti sílíkọ́ọ̀nù, ó ń dán, ó sì rọrùn láti fà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ ṣí kúrò nínú ọkọ̀ tó ń mì lórí omi. Ibi tó bá sì ti kàn, ọ̀dà kankan kò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Gọ́ọ̀mù polyurethane ni kí ẹ rà. Ó wọ́n jù ú lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ máa lò. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ọkọ̀ onígi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà fún igi. Tí ẹ bá kùn ún sí alumíníọ̀mù, ibi tó ń jò kò ní hàn mọ́, omi á sì há sábẹ́ rẹ̀.

Kọ́sítíìkì

Aládùúgbò wa kan ló ní ká fi kọ́sítíìkì bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀, pé kíá ló máa ń ṣí. Ó ṣí lóòótọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó gbóná, ó ń rú èéfín, ibi tí a kùn ún sí sì di dúdú. Omi la dà lé e bí ẹni ń pa iná.

Ó yẹ kí a ti mọ̀. Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ kì í da kọ́sítíìkì sínú ìkòkò alumíníọ̀mù láéláé, nítorí á jẹ ẹ́ lu. Omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú náà kò yàtọ̀. Yàtọ̀ sí pé ó ń jẹ ara ọkọ̀, gáàsì hydrogen ló ń jáde nínú híhó yẹn, iná sì lè gbà á wàrà. Ẹni tó bá ń mu sìgá nítòsí, tàbí tó ń fi fáìlìn gé irin, á fa ìjàǹbá.

Sìmẹ́ńtì tútù náà wà nínú ẹbí yìí. Ẹ má fi dí ihò, ẹ má sì gbé ìdí ọkọ̀ lé kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Ní ti ọ̀dà àtijọ́, sáńpépà àti sùúrù ló ń ṣí i. Ní ti ìdọ̀tí, omi àti ọṣẹ ìfọṣọ ló ń fọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ bá rí lára rẹ̀, ìpẹtà tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ ha á kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó ń dán, nítorí ihò lè ti wà lábẹ́ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì sítẹ́ńléẹ̀sì ni kí ẹ lò, nítorí ti irin lásán máa ń fi èérún irin há sínú alumíníọ̀mù, lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo, àmì pupa á yọ káàkiri.

Fífi irin, bàbà àti òjé sún mọ́ ọn

Bí omi bá wà láàárín alumíníọ̀mù àti irin tàbí bàbà tí wọ́n fara kanra, alumíníọ̀mù ló máa ń jẹ. Bóòtù irin kan lè jẹ ihò tó fi wà fẹ̀ títí bóòtù á fi máa yọ fúnra rẹ̀. Ẹ mú máágínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi yí gbogbo ọkọ̀ ká. Ohun tó bá fà, ẹ yọ ọ́. Sítẹ́ńléẹ̀sì ni kí ẹ fi rọ́pò bóòtù ńlá, kí ẹ sì fi wáṣà oníke àti gọ́ọ̀mù sáàárín. Ẹ má fi òjé àwọ̀n, wáyà bàbà tàbí owó ẹyọ sílẹ̀ nínú omi ìdí ọkọ̀. Mo rí ọkọ̀ kan ní Jẹ́bà tí òjé àwọ̀n ti jẹ ìdí rẹ̀ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ríra “máríìnì bọ́ọ̀dù” fún ìdí ọkọ̀

Pákó ẹ̀yìn tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnì mọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Bí ẹ bá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onípákó pé máríìnì bọ́ọ̀dù lẹ fẹ́, èyí dúdú tó ń dán, tí àwọn bíríkìlà fi ń da kọnkéré, ni wọ́n máa gbé fún yín. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Ẹ gba ègé kékeré, ẹ sè é nínú omi fún wákàtí mélòó kan. Bí ìpele rẹ̀ bá ń ṣí, ẹ dá a padà fún wọn. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ lẹ méjì pọ̀ títí ó fi nípọn tó èyí tí ẹ yọ kúrò, ẹ fi epoxy (gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n ń po méjì pọ̀, tó máa ń le gan-an) kun gbogbo ara rẹ̀, etí àti inú ihò bóòtù pàápàá, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán tó ní bàbà rẹ kò dára, á jẹ alumíníọ̀mù. Èyí tí wọ́n fi òróró ẹ́ńjìnì rẹ kò dára náà, epoxy kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀dà

Alumíníọ̀mù kò nílò ọ̀dà kí ó tó pẹ́. Bí owó kò bá tó, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹwà, kó ra práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó wà fún alumíníọ̀mù, kó sì kùn ún lọ́jọ́ kan náà tó ha á. Ẹ má kùn ún nígbà ọyẹ́ tí eruku ń fò, ẹ má sì lo ọ̀dà ìdí ọkọ̀ tó ní bàbà nínú.

Kíkó fóòmù abẹ́ ìjókòó dànù

Mo fi èyí sẹ́yìn nítorí ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀. Fóòmù tó wà lábẹ́ ìjókòó kì í ṣe ìdọ̀tí. Alumíníọ̀mù kì í léfòó bí igi. Bí omi bá kún inú ọkọ̀, fóòmù yẹn ló máa gbé e dúró tí ẹ ó fi rí nǹkan dì mú. Bí ó bá ti fa omi, ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ má fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí i, omi ló máa fà. Èyí funfun líle tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí sàn jù ú lọ, bí ẹ bá wé e nínú ọ̀rá, tí ẹ sì jìnnà sí epo bẹntiróòlù, nítorí bẹntiróòlù máa ń yọ́ ọ.

Gbogbo wa ní Kwara ló rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó àwọn èrò ìgbéyàwó bọ̀ rì ní apá Pàtígì. Ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ. Láti ìgbà náà, ìyá wa kì í jẹ́ ká jáde nílé tí kò bá fojú rí láífù-jákẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ẹ fi owó tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra sáńpépà àkọ́kọ́.

Ẹ́ńjìnì tó bá sì lágbára ju iye tí wọ́n kọ sí àwo ara ọkọ̀ lọ, ẹ má gbé e kọ́ ọ, kódà bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé tiwa dé etí omi, okùn la fi so ó mọ́ igi, a jókòó tì í fún wákàtí méjì gbáko láìwọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìdí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ó gbẹ. Ìgbà náà ni wọ́n tó ní kí n lọ mú àwọ̀n wá.