Bí mo ṣe múra ìbéèrè sílẹ̀ fún aṣojú wa láti bi kọmíṣánnà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin

Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa pinnu pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa gbọ́dọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. A ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ṣáájú, a sì ti gba èsì tó dùn létí. Ọdún ìṣúná kan ti ń parí lọ, wọ́n ti ń múra òmíràn, síbẹ̀ páànù tí ìjì ṣí kúrò lórí yàrá ìgbẹ̀bí kò tíì padà síbẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí aṣojú ẹkùn ìdìbò wa bi kọmíṣánnà tí ọ̀rọ̀ náà kàn léèrè, níwájú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ilé, nípa ibi tí owó àtúnṣe náà dé dúró. Iṣẹ́ tèmi ni láti kó ìwé jọ, kí n sì kọ ìbéèrè tí yóò béèrè.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni mo kọ́kọ́ ṣí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ wa gbà pé ojú rere ni kọmíṣánnà ń ṣe nígbà tó bá wá dáhùn ìbéèrè. Abala 108 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ké sí kọmíṣánnà, ó gbọ́dọ̀ yọjú láti ṣàlàyé bí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, pàápàá jù lọ nígbà tí ilé bá ń jíròrò lórí iléeṣẹ́ ọ̀hún. Abala 67 sọ irú rẹ̀ nípa àwọn mínísítà ní Àbújá. Abala 128 fún ilé ní agbára láti ṣe ìwádìí lórí ẹnikẹ́ni tó ń ná owó tí ilé fọwọ́ sí, kí àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìkúnjú òṣùwọ̀n àti ìfowóṣòfò lè tú. Abala 129 sì tẹ̀ lé e pé wọ́n lè pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n mú un búra, kí wọ́n ní kó kó ìwé wá, kí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Mo ka àwọn abala wọ̀nyí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa ní ìpàdé, mo sì rí i pé ohùn àwọn èèyàn yí padà lẹ́yìn náà.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀. Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà ní Ìbàdàn, àwọn mínísítà fúnra wọn jẹ́ ọmọ ilé, wọ́n jọ ń jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń bi wọ́n léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣì rí ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní: àwọn mínísítà ní ọjọ́ tiwọn láti dìde dáhùn, olórí ìjọba sì ń dáhùn ní gbogbo ọjọ́rú tí ilé bá jókòó. Nínú ètò tiwa, kọmíṣánnà kì í ṣe ọmọ ilé. Bí wọn kò bá ké sí i, kò sí ohun tó ń gbé e wá. Nítorí náà, àkókò tó dájú jù lọ láti rí i ni ìgbà tí gómìnà bá ti gbé àbá ètò ìṣúná ọdún tuntun síwájú ilé, gẹ́gẹ́ bí abala 121 ṣe là á sílẹ̀, tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń wá gbèjà owó tó ń béèrè níwájú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó. Ìgbà yẹn ni kọmíṣánnà, akọ̀wé àgbà àti àwọn ọ̀gá tó ń mójú tó owó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wákàtí tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀ kò pọ̀, aṣòfin tó bá wá láìní ìwé lọ́wọ́ kò sì ní rí ju ọ̀rọ̀ ìkíni gbà.

Ìwé ni mo wá dojú kọ. Ní ọdún 2018 ni Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò kan, tó ti parí báyìí, tó fi ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó nígbà náà bí wọ́n bá gbé ètò ìṣúná wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń gbé ìròyìn ìnáwó jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n máa tọrọ ìwé káàkiri. Fún èyí tí n kò rí, mo kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba. Inú mi máa ń dùn láti rántí pé Èkìtì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ òfin yẹn di tirẹ̀, ní ọdún 2011 kan náà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i.

Kíka ìwé ìṣúná ni ó gba mí lákòókò jù. Nọ́ńbà kan wà ní iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn nọ́ńbà yìí sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ wọ́n. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21 jẹ́ ti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 23 sì jẹ́ ti iṣẹ́ ńláńlá. Lábẹ́ rẹ̀, 2302 ni kíkọ́ ilé tuntun, 2303 sì ni àtúnṣe. Ibi àtúnṣe ni mo wá tiwa lọ. Ìlà kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀ fún àtúnṣe gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí Èkìtì ní, láìdárúkọ ìlú kankan. Mo dúró lórí ìlà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ibi tí wọn kò bá ti dárúkọ ìlú, ìlú gbogbo ló lè sọ pé òun wà níbẹ̀, kò sì sí ìlú tó lè fi hàn pé wọ́n fo òun dá.

Mo ní láti ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó tí ilé fọwọ́ sí wà, owó tí wọ́n tú sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ wà, owó tí iléeṣẹ́ sì ná wà. Bí baálé bá ní òun yóò fún ìyàwó ní owó ọbẹ̀, ìlérí nìyẹn. Bó bá kó owó náà fún un, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ohun tí ìyàwó rà bọ̀ láti ọjà tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Inú ìdarúdàpọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn tí kò ṣe é dì mú ti ń wá.

Nígbà tí a jókòó láti kọ ìbéèrè, bàbá alága wa fẹ́ kí a béèrè pé, “Kí ló dé tí ìjọba fi gbàgbé wa?” Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí a fi í sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé kọmíṣánnà yóò dáhùn pé ìjọba kò gbàgbé ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìbéèrè tí mo ń wá ni èyí tó jẹ́ pé iye owó, ọjọ́, orúkọ tàbí ìwé nìkan ló lè dáhùn rẹ̀. Èló ni wọ́n tú sílẹ̀ nínú owó ìlà yìí, ọjọ́ wo sì ni? Àwọn ilé ìwòsàn wo ni wọ́n fi tún ṣe? Ta ni agbaṣẹ́ṣe tó gba tiwa, ta ló sì fọwọ́ sí i pé ó ti ṣe é dé ibi tó sọ? Mo kọ nọ́ńbà ìlà àti ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ìbéèrè kejì sí abẹ́ rẹ̀, fún ìgbà tí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá yẹra.

Aṣojú wa kà á lójú wa ní ilé rẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ ti gé e kúrú jù, wọ́n á ní mò ń ta kò wọ́n.” Mo dá a lóhùn pé, “Ọnárébù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkíni sí iwájú rẹ̀ bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan kún ìbéèrè náà.” Ó gbà.

Lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ náà wá, wọ́n gbà wá láàyè láti jókòó sẹ́yìn yàrá. Kọmíṣánnà sọ̀rọ̀ dáadáa lórí ètò ìlera, ó sì bọ̀wọ̀ fún ìgbìmọ̀. Nígbà tí aṣojú wa béèrè nípa ilé ìwòsàn wa, ó ní, “A ti pèsè fún un nínú ètò ìṣúná, iṣẹ́ sì ń lọ lọ́wọ́.” Aṣojú wa dúpẹ́, ó sì béèrè pé, “Ọjọ́ wo ni owó náà jáde?” Kọmíṣánnà wo akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé àgbà wo ọ̀gá tó ń mójú tó owó, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé àgbà sọ pé owó tó jáde kò kárí gbogbo ilé ìwòsàn. Aṣojú wa tún béèrè pé, “Àwọn wo ló kárí?” Alága ìgbìmọ̀ dá sí i níbẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìlú, iye owó àti ọjọ́ sílẹ̀, kí wọ́n mú un wá kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí àbá tuntun wọn.

Ìwé náà dé, ìlú wa kò sì sí nínú rẹ̀. Àwọn kan nílé ti ń sọ pé wọ́n ti kó owó wa jẹ. Ìwé fi hàn pé owó tiwa kò jáde rárá, tí àwọn ìlú tí owó jáde fún sì wà níbẹ̀ lórúkọ-lórúkọ. Mo ka èyí sí àǹfààní ńlá, torí pé ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ ì bá ti ba ọ̀nà jẹ́ fún wa. Ohun tó sì tún jẹ́ èrè ni pé ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n so orúkọ àwọn ìlú mọ́ ìlà náà nínú àbá tuntun.

N kò ní sọ pé ọ̀nà yìí kò ní àléébù. Ọmọ ilé 26 ni Èkìtì ní, bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gómìnà, ohùn ìbéèrè kì í le. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n máa ń fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, mo sì gbà pé ó yẹ kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Títí di ìgbà náà, abala 125 ṣì wà: aṣàyẹ̀wò ìwé owó àgbà gbọ́dọ̀ fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé láàárín 90 ọjọ́ tí ìṣirò owó ọdún bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó ìjọba sì gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò. Ìròyìn yẹn ni mo ń kà báyìí.

Orúkọ ìlú wa ti wà nínú ètò ìṣúná tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìlérí ni, owó kò tíì jáde. Mo ti kọ ìwé sí aṣojú wa, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, pé bí ìròyìn ìnáwó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bá jáde tí wọn kò sì kọ nǹkan kan sí iwájú orúkọ wa, kí wọ́n ké sí iléeṣẹ́ náà padà, kí wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí owó náà yóò jáde.