Ẹ̀rí tí mo jẹ́ nígbà tí oògùn ṣì wà nínú báàgì mi

Aránṣọ ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé orí ìjókòó la ti ń jẹ, pàápàá tí aṣọ ẹbí bá kún ṣọ́ọ̀bù, tí oníkálukú sì ń sọ pé Sátidé ni òde òun. Ọmọ ìjọ C.A.C., ìyẹn Christ Apostolic Church, sì ni mí, láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi wá. Ohun méjèèjì ló wé mọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ìjókòó ọ̀hún kò ṣe ara mi lóore, ìgbàgbọ́ tí wọ́n sì fi tọ́ mi dàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn oògùn.

158 lórí 96 ni nọ́ọ̀sì bá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n padà wá, torí pé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi sọ pé èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti òkè gbọ́dọ̀ pé 140 tàbí kí ti ìsàlẹ̀ pé 90, lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra. Mo padà lọ, kò wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ṣe nìyẹn, ó lè bá èèyàn gbé fún ọdún gbọọrọ láìpariwo. Dókítà kọ oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún mi, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn, kí n sì máa sùn dáadáa.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè? Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣàkíyèsí pé ọ̀sẹ̀ mi ti ní ètò tẹ́lẹ̀, ìjọ ló sì ṣe é fún mi: àdúrà òwúrọ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́rú, iṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ààwẹ̀ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Mi ò pa ọ̀kan jẹ rí láìnídìí. Mo wá pinnu pé mi ò ní dá ètò tuntun sílẹ̀; ara èyí tó wà nílẹ̀ ni màá rán ìlera mọ́, bí èèyàn ṣe ń gán ìgbátí mọ́ ẹ̀wù tó ti rán tán.

Àdúrà òwúrọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ ìfúnpá kékeré, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì pẹ̀lú káàdì oògùn. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó: kí n kọ́kọ́ tọ̀, kí n jókòó kí n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà, kí n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n tó tẹ bọ́tìnì. Ìhòòhò apá ni wọ́n ń dè é mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ C.A.C. mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ kọ́ la fi ń gbàdúrà. Ẹ̀rọ yìí ló kọ́ mi ní àdúrà jẹ́jẹ́. Mo ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn láti dúpẹ́ nínú ọkàn, mo wọn ìfúnpá, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gbé oògùn mì, lẹ́yìn náà ni orin àti àtẹ́wọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fi orin ṣáájú, ohun tí ẹ̀rọ máa sọ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà tí oògùn ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ Bíbélì, n kì í gbàgbé rẹ̀.

Ilé ìdáná ló gba iṣẹ́ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan, àtèyí tó fara pa mọ́ sínú oúnjẹ. Mo wo ìkòkò ọbẹ̀ mi: iyọ̀ wà níbẹ̀, máàgì wà níbẹ̀, panla tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí wà níbẹ̀, irú pàápàá ní iyọ̀ nínú nítorí pé àwọn tó ń tà á ń fi í pa á mọ́ kó má bàjẹ́. Ibi mẹ́rin ni iyọ̀ ti ń wọnú ọbẹ̀ kan ṣoṣo, a sì tún ń gbé iyọ̀ sórí tábìlì! Èyí tó wà lórí tábìlì ni mo kọ́kọ́ gbé kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo dín máàgì kù díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ahọ́n a máa kọ́ ìwà tuntun tí èèyàn bá fún un láyè. Mo wá oníirú tí kì í fi iyọ̀ sí i. Mo ń fi omi gbígbóná ṣan ẹja gbígbẹ dáadáa kó tó wọnú ìkòkò. Àlùbọ́sà, atalẹ̀, ata rodo àti ẹ̀fínrín ni mo fi ń dí ààyè iyọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ bi mí pé ṣé aláìsàn ni gbogbo wa ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo fún wọn ní ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó kún fún irú àti ẹ̀fínrín, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún bu sí i.

Ní ti òkèlè, Ẹ̀gbá ni wá, kò sẹ́ni tó lè gba láfún lọ́wọ́ wa. Mi ò jáwọ́ nínú rẹ̀. Mo kàn yí abọ́ padà ni: abọ́ kékeré fún láfún, abọ́ ńlá fún ẹ̀fọ́ àti ewédú. Ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń ka ìtàn Dáníẹ́lì nípa ihò kìnnìún, a kì í fẹ́ ka orí kìíní, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ àti omi dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àìfẹ́ ba ara jẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ ọba ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá yẹn wúlò fún mi: mo sọ fún ara mi pé kí n ṣáà kọ́kọ́ dán an wò.

Ìrìn kò le rárá, àfi ojú tó ń tì mí. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ni kí àgbàlagbà máa fi rìn kánmọ́kánmọ́ lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìrìn náà yá tó ni pé èèyàn á lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Èmi tí mo ń fi orin rìn wá mọ̀ pé tí mo bá kọ ẹsẹ orin kan já láìmí hẹlẹ, mò ń ṣeré ni. Mo fi máàrúwá sílẹ̀ lọ́jọ́rú, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Òkè Abẹ́òkúta kò nílò kí èèyàn lọ wá ilé eré ìdárayá. Ní àwọn àárọ̀ mìíràn, mò ń yípo àdúgbò, mo sì ń gbàdúrà fún ilé tí mo bá kọjá níwájú rẹ̀.

Baba Alàgbà kan rí mi tí mo wọ bàtà kánfáàsì, wọ́n ní, “Ọmọ mi, Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé eré ìdárayá kò ní èrè púpọ̀.” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú àárọ̀ o, Baba. Ó ní ó ní èrè díẹ̀, díẹ̀ yẹn náà ni mò ń wá.” Nígbà tí mo délé ni mo ṣí Ìṣe Àpọ́sítélì orí ogún, ẹsẹ kẹtàlá, níbi tí àwọn tó kù ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ásósì, tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì yàn láti fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó ń rìn tó bẹ́ẹ̀ lè sọ pé eré ìdárayá kò ní èrè púpọ̀. Èmi tí mo ń jókòó sídìí maṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Oorun ni mo rò pé màá já kulẹ̀ lórí rẹ̀. Iṣọ́ òru ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá, ó ń parí ní aago mẹ́rin, oníbàárà sì ń kan ilẹ̀kùn ní aago méje Sátidé. Mo sọ fún gbogbo wọn pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí aṣọ ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá aránṣọ mìíràn. Àwọn kan bínú lọ, wọ́n ti padà. Sátidé àárọ̀ di ti oorun. Lálẹ́ àwọn ọjọ́ yòókù, mo ń pa fóònù kí aago mẹ́wàá tó lù, kí n lè sun wákàtí méje. Ìtàn Èlíjà lábẹ́ igi ni mo máa ń rántí, nínú Àwọn Ọba Kìíní orí kọkàndínlógún. Ó ní kí Ọlọ́run pa òun. Áńgẹ́lì kò wàásù fún un, kò bá a wí. Ó sùn, wọ́n fún un ní àkàrà àti omi, ó tún sùn, wọ́n tún fún un. Oúnjẹ àti oorun ni Ọlọ́run fi ṣáájú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá a sọ ní Hórébù.

Ní ti ààwẹ̀, mo bi dókítà, mo sì bi pásítọ̀. Dókítà wo irú oògùn tí mò ń lò, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n pé ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú un tọ̀ dáadáa, tàbí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ wa rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run tó ń wo ọkàn kò ní ka ẹnu omi tí mo fi gbé oògùn mì sí mi lọ́rùn. Ibi tí ewu wà gan-an ni ìṣínu. A ó gbààwẹ̀ títí di aago mẹ́fà, a ó wá fi mínírà, dòdò àti ẹ̀bà ràbàtà gbẹ̀san lára ikùn. Omi àti ìbẹ́pẹ ni mo fi ń ṣínu báyìí, oúnjẹ gidi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Nígbà tí ìwé tí mò ń kọ ọ́ sí bẹ̀rẹ̀ sí í fi 128 lórí 82 àti irú rẹ̀ hàn, mo jáde lọ́jọ́ ẹ̀rí. Mo sọ iye tó wà tẹ́lẹ̀ àti iye tó wà báyìí. Wọ́n kígbe Halelúyà. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, “Oògùn ti dohun ìgbàgbé!” Mo ní rárá o, ó wà nínú báàgì mi, mo lò ó láàárọ̀ yìí. Ìlù kò mọ ohun tó máa ṣe.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìjọ wa ní ìtàn. Nígbà àjàkálẹ̀ infuluẹ́ńsà ti 1918, àwọn kan ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, ara gbòǹgbò tiwa sì ni wọ́n. Ní 1930, ìsọjí tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá fún bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, àdúrà àti omi ni àwọn èèyàn fi gba ìwòsàn. Ìyá ìyá mi kò gbé hóró oògùn kan mì títí tí wọ́n fi sùn. Mi ò ní bú wọn. Ní 1918, kò sí dókítà tó ní oògùn tó lè wo infuluẹ́ńsà; ẹni tó gbàdúrà kò fi ohun kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lónìí, kò sì wọ́n ju aṣọ ẹbí lọ. Wòlíì Aísáyà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo Hesekáyà, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún un. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Lantoro tó wà nílùú wa níbí, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ló dá ọsibítù náà sílẹ̀ ní 1895.

Lẹ́yìn ìsìn, Baba Alàgbà pè mí. Wọ́n ní, “Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ìròyìn ọsibítù ni.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Baba. Dígí tí ẹ fi ka Bíbélì fún wa lónìí ńkọ́?” Wọ́n wò mí títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ìyá mẹ́ta bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rán aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn ti ní oògùn nílé tipẹ́, ó dá a dúró nígbà tí ara rẹ̀ yá. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun, torí pé bí ara ṣe yá yẹn gan-an ni iṣẹ́ oògùn.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin, a ti fi ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi tútù rọ́pò mínírà àti puff-puff. Kò wọlé wẹ́rẹ́. Ìyá kan bèèrè pé ṣé a ti tálákà tó bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi ìnáwó hàn wọ́n: owó tó ṣẹ́ kù la fi ra ẹ̀rọ ìfúnpá ti ẹgbẹ́. Nígbà Ìkórè, mínírà padà, ó kún kúlà. Mo mu omi mi, mo bọ́ sójú agbo, mo jó débi tí mi ò lè kọrin mọ́.